Oògùn Ọmọ Kan Nínú Ife Méjì

Ọmọ méjì ni ìyá alágbàfọ̀ bí, àwọn méjèèjì ló sì bá àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde wáyé. Ọkùnrin tó bí wọn ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tipẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Obìnrin ni àkọ́bí, Adájọ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí òun ní í parí ìjà gbogbo ọmọdé àdúgbò. Àbíkẹ́yìn ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin.

Nígbà tí dókítà sọ pé oògùn lẹ́búlẹ́bú kan dé, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ dípẹtà, ọ̀rọ̀ náà yé ìyá wọn kíá. Ẹni tó ń fi áyọ́ọ̀nù jẹun mọ ohun tí ìpẹtà ń fi aṣọ funfun ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń dán oògùn náà wò ni, àwọn ọmọ kékeré nìkan ni wọ́n sì ń fún. Adájọ́ ti dàgbà jù. Ìyá rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí, òfin kò gbẹ̀bẹ̀.

Wọ́n ní ìka ò dọ́gba. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èwo lèèyàn ó gé jù nù níbẹ̀? Obìnrin yìí gbé oògùn Àbíkẹ́yìn délé, ó pín in sí ife méjì lórí tábìlì tó fi ń lọ aṣọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀ wò ó, kí ọ̀kan má baà ju èkejì lọ. Àràárọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì ń bà á.

Kò pẹ́ tí àìsàn tún fi gbé Àbíkẹ́yìn ṣánlẹ̀, tí kò lè mí dáadáa. Ní ọsibítù, dókítà ní oògùn náà kò bá ara ọmọ yìí ṣiṣẹ́, pé àwọn yóò yọ ọmọ náà kúrò lára àwọn tó ń lò ó, àwọn yóò fún ọmọ mìíràn. Obìnrin náà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

“Dókítà, ẹ má yọ ọ́. Oògùn yẹn kọ́ ló jẹ̀bi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bá a mu ún. Èmi ni mò ń pín in.”

Dókítà kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

“Ìyá, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ọmọ kan loògùn yìí tó. Tẹ́ ẹ bá tún pín in, ẹ lè pàdánù àwọn méjèèjì.”

Ó bi í pé kí ni kóun wá fún èyí àgbà. Dókítà ní kó máa lo oògùn rẹ̀ àtijọ́, kó sì máa mu omi dáadáa. Omi!

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n padà délé, Adájọ́ ti jókòó sídìí tábìlì, ó ń fọwọ́ ra orúnkún. Ìyá wọn kẹ̀yìn sí wọn. Ó da gbogbo oògùn sínú ife Àbíkẹ́yìn. Ṣúgà ló dà sínú ife kejì, ó bomi sí i, ó rò ó títí, nítorí kò fẹ́ yíjú padà.

Adájọ́ mu ún tán, ó nu ẹnu.

“Màmá, tòní dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ mi ò tiẹ̀ dùn mí mọ́. Irú eléyìí ni kẹ́ ẹ máa fún mi.”

Ìyá rẹ̀ ní òun ti gbọ́.