Kóńgò Tí Mo Gbé Lọ Sọ́jà

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wọn nǹkan. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ní Ṣàngó-Ọ̀tà, kò sí ọ̀rá tó lè jáde ní géètì àfi tí mo bá gbé e sórí ìwọ̀n, tí mo sì fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ náà ti dà mí lórí rú. Kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá ń pín wáìnì oúnjẹ alẹ́ Olúwa, ojú mi máa ń wà lára ife ẹni tó jókòó tì mí, bóyá tirẹ̀ kún ju tèmi lọ.

Ẹ wá wo irú èmi yìí nígbà tí oúnjẹ di góòlù. Owó tí a fi ń ra kóńgò gààrí mẹ́ta tẹ́lẹ̀ kò ra ẹyọ kan mọ́. Ní àdúgbò wa ní Ilo-Awela, kálukú ló ń dá ọgbọ́n tirẹ̀. Aládùúgbò wa kan ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ẹran máa ń fa àlá burúkú, àwọn ọmọ sì gbà á gbọ́.

Ìyàwó mi ò dá ọgbọ́n kankan ní tirẹ̀, ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń ta gààrí àti ẹ̀wà lọ́jà Ṣàngó nìkan ló ti ń rajà, kì í sì í ná an. Iye tí ìyá bá pè ló ń san. Inú máa ń bí mi. Mo máa ń sọ fún un pé owó wa ni ìyá yẹn fi ń kọ́lé sí Ìjù. Ìyá tó bí ìyàwó mi ti kú kí a tó bí àkọ́bí wa. Ìyá onígààrí yìí ló wá sílé wa, tó fi omi gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ tuntun. Láti ọjọ́ náà ló ti di ìyá rẹ̀. Mo mọ gbogbo èyí, àmọ́ mi ò rí ohun tó kan gààrí nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi fẹsẹ̀ rọ́ létí gọ́tà, ló bá di pé èmi ni mo máa lọ sọ́jà.

"Dádì, ẹ kàn sọ pé èmi ni mo rán yín," ó ní. "Ẹ jókòó, kí ẹ dákẹ́. Ìyá mọ ohun tí wọ́n máa ṣe."

Mo gbọ́. Mo wá lọ ra kóńgò tuntun. Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo bu omi sí i, mo wọ̀n ọ́n, mo rí i pé kò lábùkù. Mo wé e sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ sọ́jà bí ẹni gbé Bíbélì lọ síbi ìsọjí.

Inú ìyá dùn láti rí mi. "Ọkọ ọmọ mi, ẹ káàbọ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ mi ńkọ́?" Kí wọ́n tó nawọ́ sí kóńgò tiwọn, mo ti yọ tèmi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èyí ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n."

Ẹni tó bá mọ ọjà mọ ohun tí mo ṣe. Mo pe ìyá arúgbó ní olè lójú gbogbo ìsọ̀. Obìnrin tó ń ta èlùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pòṣé, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá gba kóńgò náà, wọ́n bu gààrí sí i, wọ́n fi ọwọ́ rẹ́ orí rẹ̀ títí ó fi dọ́gba pẹ̀lú etí kóńgò. Kóńgò mẹ́rin géérégé. Mo sanwó, mo ń yangàn lọ sílé.

Nílé, ìyàwó mi da gààrí náà sínú ike tí a ń kó o sí. Kò dé ibi tó máa ń dé. Ó gbọ̀n àpò náà wò.

"Ṣé ìyá ò gbé orí lé e ni?"

"Orí wo?"

"Èènì ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé gbogbo kóńgò tí ìyá ń wọ̀n fún un ló máa ń ga lórí, wọ́n á tún bu ẹ̀kúnwọ́ méjì lé e. Iye tó ń san, tí mo ń pè ní ìwà òmùgọ̀, ló kéré jù ní gbogbo ọjà. Mo jẹ́wọ́ pé mo gbé kóńgò tèmi lọ. Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n fún un, àmọ́ ó ti ń sunkún. Mo rò pé tìtorí gààrí ló ṣe ń sunkún. Òmùgọ̀ ni mí.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ san, a jọ lọ bẹ ìyá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ọjà, láàárín èèpo iṣu, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ìyá ní kí n dìde, pé kò sí nǹkan kan, pé ayé ló le. Ọkàn mi balẹ̀. Ìyàwó mi nu ojú rẹ̀, ó ní kí wọ́n wọn gààrí mẹ́rin fún wa.

Ìyá bu kóńgò àkọ́kọ́, ó ga lórí dáadáa. Wọ́n wá fa igi pẹlẹbẹ kan yọ lábẹ́ tábìlì, wọ́n fi rẹ́ ẹ, èyí tó lé sì dà padà sínú àpò wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyàwó mi ń wo ọwọ́ wọn. Wọ́n gbé èyí tó kẹ́yìn síwájú mi kí wọ́n tó dà á.

"Ẹ wò ó dáadáa, sà. Ṣé ó pé?"

Mo wò ó. Kò lé, kò dín.

"Ó pé, mà," ni mo wí.