Púlì Tí Bàbá Tiwalọlá Ò Rí Dà

Tí ẹ bá bi mí, sùúrù ni Tiwalọlá ò ní. Yàrá kan la jọ rẹ́ǹtì ní Yaba, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kì í lè fojú wo nǹkan tó ń falẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Bàbá Abdullateef, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń yọ́ álúmíníọ̀mù àlòkù ní Mushin. Púlì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì máa ń yí lé, ni wọ́n máa ń dà. Nígbà tó yá, àwọn púlì náà bẹ̀rẹ̀ sí í sán bí wọ́n bá ti ń tutù. Àlòkù tó ń wọlé ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ìmọ̀ nípa irin ni Tiwalọlá kọ́ ní yunifásítì. Ó ní kọ̀ǹpútà lè ṣírò àdàlù kọ̀ọ̀kan, kó sọ ohun tó máa kọ́kọ́ dì nínú rẹ̀ àti èyí tó máa ṣì jẹ́ olómi, kí àwọn lè mọ èyí tí kò ní sán.

Bàbá ní, "Ó dáa. Mi ò ní dáná mọ́ títí ìdáhùn ẹ á fi dé. Ọwọ́ mi ni mo fẹ́ fi da èyí tí ò ní sán yẹn." Ikọ́ ti ń yọ wọ́n lẹ́nu nígbà yẹn. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọn ò ní lè ṣiṣẹ́ iná pẹ́ mọ́.

Tiwalọlá fi Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ ìṣirò náà. Àdàlù tó fẹ́ yẹ̀ wò pọ̀ lọ súà, iṣẹ́ náà sì ń fà. Ó dá a dúró. Ó rí i pé gbogbo ìgbà tó bá kan àdàlù tuntun ló tún ń ka fáìlì tí wọ́n kọ ìwà irin kọ̀ọ̀kan sí láti ìbẹ̀rẹ̀, ló bá tún un ṣe kó máa kà á lẹ́ẹ̀kan péré. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tún dá a dúró: ó fẹ́ kí ìdáhùn àdàlù kan ran èyí tó sún mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó wá fẹ́ kí láptọ́ọ̀pù máa ṣe ọ̀pọ̀ àdàlù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àṣìṣe wọ inú rẹ̀, kò sì rí ibi tó wà.

Mo ní, "Jẹ́ kí èyí tó ń falẹ̀ yẹn máa lọ jàre."

"Ẹ̀gbọ́n, kò make sense. Tí mo bá fix ẹ̀, ó máa parí kí indomie tó jinná."

Bàbá a máa pè é. "Ṣé ó ti jáde?"

"Ó kù díẹ̀, Daddy."

Ààrò tutù. Àwọn oníbàárà wá ẹlòmíì lọ. Inú ń bí mi sí Tiwalọlá, àánú rẹ̀ sì tún ń ṣe mí.

Àárọ̀ Jímọ̀ kan ni Màmá Fàósátù, ìyá rẹ̀, pè. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin Bàbá.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni Tiwalọlá rí àṣìṣe náà. Lóòótọ́, ìṣirò parí kí indomie tó jinná. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí wọ́n yọ férémù wíńdò kúrò nínú àlòkù tí wọ́n ń yọ́, kí písítìnì àlòkù pọ̀ sí i: kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tiwalọlá sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

Bàbá Ọlápàdé, ọ̀rẹ́ olóògbé, ló bá wa da púlì náà. Kò sán. Nígbà tó tutù, Màmá gbé e lé itan.

Wọ́n ní, "Tiwa, èyí àkọ́kọ́ tó ń falẹ̀ yẹn, ká ní o jẹ́ kó máa lọ, ìgbà wo ni ì bá parí?"

Ó ti ṣírò ìyẹn náà, ó sì ti sọ fún mi lọ́nà: ì bá ti parí nígbà tí Bàbá ṣì ń dìde lọ sí ṣọ́ọ̀bù fúnra wọn.

Ó ní, "Mi ò mọ̀, Màámi."

Màmá rọra mi orí, wọ́n sì ń fi etí ìró nu yẹ̀pẹ̀ ara púlì náà.