Mọ́tò Tí Kì Í Mu Epo

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni obìnrin télọ̀ kan fi ránṣọ kó tó ra mọ́tò pẹ́ńpẹ́ kan. Mọ́tò ọ̀hún ò tóbi, ṣùgbọ́n epo tó ń mu ò tó nǹkan. Bó bá rọ epo kún un lọ́jọ́ Ajé, á fi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á fi lọ ra òwú, á fi gbé aṣọ fún oníbàárà, títí di ọjọ́ Ajé mìíràn, epo ò ní tíì dé ìdajì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ròyìn rẹ̀ fún àwọn ẹbí. Ẹnu ara rẹ̀ ló kó bá a.

Láti ọjọ́ náà ni mọ́tò ti di ti gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ní jíìpù gbàgàdà kan tó ń dán gbinrin nínú ọgbà, ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

"Àbúrò mi, bá mi gbé ìyàwó mi dé ibi iṣẹ́ jàre. Ṣebí tìẹ kì í mu epo."

Télọ̀ gbé e. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti di ojoojúmọ́. Àbúrò wọn ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní Mò-ń-bọ̀ nítorí pé kì í tètè dé ibi tó bá ti ní òun ń bọ̀, ń yá a fi kó síméǹtì. Síméǹtì o, nínú mọ́tò tí ẹ̀yìn rẹ̀ ò gbà ju báàgì méjì lọ! Kò sẹ́ni tó béèrè rí pé ta ló ń ra ìwọ̀nba epo tó ń mu.

Nígbà tó yá, ojú ọ̀tún télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ojú òsì ò sì ríran dáadáa tẹ́lẹ̀. Dókítà ní awọ funfun kan ló ń bo ẹyin ojú ọ̀tún náà, iṣẹ́ abẹ ló lè ṣí i.

"Màmá, bí a bá ṣe é tán, ẹ ò gbọdọ̀ wakọ̀. Eruku ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ilé tààrà ni o. Bí ojú yìí bá bàjẹ́, ẹ ò ní lè ránṣọ mọ́."

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó fi jíìpù wá gbé òun lọ́jọ́ náà.

"Jíìpù yìí? Háà, o ò mọ bó ṣe ń mu epo ni? Ìrìn àjò gidi la fi í pamọ́ fún. Jẹ́ kí Mò-ń-bọ̀ fi tìẹ gbé ọ."

Ó dùn ún, àmọ́ ó pe Mò-ń-bọ̀.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, Mò-ń-bọ̀ wakọ̀ jẹ́jẹ́, ó tiẹ̀ bá a gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Télọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún un.

"Aago méjìlá o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, àǹtí mi. Ẹ máa bá mi níbí."

Iṣẹ́ abẹ yọrí. Wọ́n di ojú rẹ̀, wọ́n mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. Aago kan lù. Aago méjì lù. Bó bá pè é, èsì kan náà ni: "Mò ń bọ̀, mo ti wà lọ́nà." Atẹ́gùn ń gbé eruku bọ̀ láti ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, télọ̀ sì fi ìborùn bojú.

Àánú rẹ̀ ṣe nọ́ọ̀sì. "Màmá, ṣé ẹ ò lẹ́bí ni?"

"Mo ní," ni télọ̀ wí. "Wọ́n pọ̀."

Aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni mọ́tò rẹ̀ wọlé. Mò-ń-bọ̀ ló ń wà á. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wà níwájú pẹ̀lú fáànù tuntun lórí itan, ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn láàárín páálí abọ́ tó ga kan òrùlé. Ó yọrí lójú fèrèsé.

"Àbúrò mi, o kú ewu! Ọjà la lọ rà, a ní ká kọ́kọ́ yà kí ọ. Kò sáyè mọ́ níbí báyìí, ṣùgbọ́n fara balẹ̀ díẹ̀ sí i. Bó bá já wa sílẹ̀ tán, á padà wá gbé ọ. Lílọ bíbọ̀ kì í ṣe wàhálà, ṣebí kì í mu epo!"

Ẹni tá a ní kó fẹ́ wa lójú, ata ló fi sẹ́nu. Télọ̀ jókòó padà. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí Mò-ń-bọ̀ tó padà dé.

Lọ́jọ́ kẹta, ojú wú, ó ń ṣe ọyún. Kí oṣù tó parí, ó ti fọ́.

Wọ́n wá kí i nílé, wọ́n jókòó yí i ká, wọ́n ń sọ pé kó gba kámú. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà ní kọ̀rọ̀, aṣọ bò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rọra wúkọ́.

"Níwọ̀n bí o ò ti ní lè wakọ̀ mọ́, mú kọ́kọ́rọ́ wá. Kò yẹ kí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kàn jókòó."

"Mo ti tà á."

Ẹ̀gbọ́n fò dìde, ó káwọ́ méjèèjì lérí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún un pé ojú ti fọ́.

"O tà á? Mọ́tò wo la ó wá máa wọ̀?"