Hulusi àti Ayran Rẹ̀

Bọ́ọ̀sì fi Hulusi sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ tọrọ ìyàwó fún ọmọ rẹ̀, ayran ló sì fà á. Gbogbo ìlú Karaçalı ló mọ ìtàn náà, tó fi dé orí àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà tó ṣẹlẹ̀. Vildan nìkan ni kì í jẹ́ kí wọ́n bù mọ́ ọn tàbí kí wọ́n yọ nínú rẹ̀, torí òun gan-an ni ìyàwó tí wọ́n ń lọ tọrọ.

Hulusi àti Saniye ìyàwó rẹ̀ ló jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí İzmir. Lágbedeméjì ọ̀nà, bọ́ọ̀sì dúró ní ilé oúnjẹ kan, awakọ̀ sì ní ogún ìṣẹ́jú péré ni. Saniye ti sùn lọ, kò sọ̀ kalẹ̀. Hulusi sọ̀ ní tirẹ̀, ó ra búrẹ́dì ẹlẹ́ran, wọ́n sì gbé ife ayran kan tì í. Ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ife náà kalẹ̀, ó bi ẹni tó gbé e wá bóyá omi tí wọ́n fi ṣan abọ́ ni. Ìyẹn dáhùn pé wàrà kíkan ni, wọ́n fi omi tútù àti iyọ̀ lù ú, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é. Hulusi ní ó ṣeé ṣe kí ohun tó wà nínú ife yẹn ti rí màlúù lókèèrè, ṣùgbọ́n wọn ò kíra wọn.

Ló bá wọ ilé ìdáná lọ. Ó yẹ kí alásè lé e jáde, ṣùgbọ́n aṣọ rélùwéè ni Hulusi wọ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú bọ́tìnnì onídẹ, alásè sì rò pé ìjọba ló rán an wá yẹ ilé ìdáná wò. Hulusi ní kí wọ́n gbé wàrà kíkan wá, kí wọ́n gbé omi tútù wá, kí wọ́n wá ṣíbí onígi tí kò rùn fún òun. Ó ń lu wàrà, ó ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Awakọ̀ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Hulusi ránṣẹ́ sí i pé ayran ò tíì hó. Nígbà tí ayran hó tán tó gbé e jáde, eruku bọ́ọ̀sì ló bá níta.

Saniye ti rìn tó ọgọ́rin kìlómítà kó tó jí. Nígbà tí wọ́n bi í lẹ́yìn náà pé ṣé kò fura rárá ni, ó ní òun fura díẹ̀. "Mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ mi dákẹ́ rọ́rọ́. Mo rò pé Ọlọ́run ti gba àdúà mi ni."

Bó ṣe dá nìkan dé ilé àwọn Vildan nìyẹn, pẹ̀lú páálí adùn lọ́wọ́. Bàbá Vildan béèrè bàbá ọkọ, torí òun ló yẹ kó sọ̀rọ̀ ìtọrọ. Saniye tún ìborùn rẹ̀ so, ó ní ó ń bọ̀ lọ́nà, ó kàn dúró lu ayran ni. Wọ́n dúró dè é fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, Hulusi kan ilẹ̀kùn, épírọ́ọ̀nù alásè lára, ìgò ayran ńlá lábẹ́ abíyá. Ó ní wọ́n bẹ òun kí òun máa bá wọn ṣiṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n iyọ̀ wọn ò dára. Bàbá Vildan mu ife kan, ó mu èkejì, ó nu irun ètè rẹ̀, ó sì ní òun ti fún wọn lọ́mọ. Títí dòní ni Vildan ń wí pé wúrà ni wọ́n fi ń tọrọ ọmọ ẹlòmíràn, pé wàrà kíkan ni wọ́n fi tọrọ òun.

Ọgbọ̀n ọdún ni Hulusi fi ju àsíá sí ọkọ̀ ojú irin ní Karaçalı. Tó bá gbé àsíá pupa sókè, ọkọ̀ tó gùn tó àdúgbò kan á dúró. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò sí ohun tó tún ń gbọ́ àṣẹ rẹ̀ mọ́ nílé, àfi wàrà. Saniye ló ń se wàrà, òun ló ń fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ìkòkò kó lè kan dáadáa. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ṣí ìkòkò láàárọ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Hulusi á kọ́kọ́ lu wàrà náà láìfi omi sí i títí á fi kúnná. Lẹ́yìn náà ni á máa ta omi tútù sí i díẹ̀díẹ̀, á wá fi iyọ̀ sí i, á sì máa fi ìgbakọ bù ú sókè, á máa dà á padà láti ibi gíga, títí ìfófòó á fi bo ojú rẹ̀. Á wá gbé hóró àlìkámà kan lé ìfófòó náà. Bí hóró náà bá rì kó tó ṣe bisimilá tán, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ọdún tí wọ́n ra ẹ̀rọ ìfọṣọ fún Saniye, ó yọ̀ títí di ọ̀sán. Ní ọ̀sán, Hulusi dúró wo bí ẹ̀rọ náà ṣe ń yí, ó ní ohun tó mọ omi í yí báyìí, fífi aṣọ sínú rẹ̀ ti di ìfiṣòfò. Ó fi omi gbígbóná ṣàn án lẹ́ẹ̀méje, ó da ogún lítà wàrà kíkan sínú rẹ̀, gbogbo àdúgbò sì mu ayran lọ́jọ́ náà. Saniye ò jà. Nígbà tí wọ́n mu ún tán, ó kó ṣòkòtò tí Hulusi ń wọ̀ lọ sí mọ́sáláṣí sínú ẹ̀rọ náà láìṣàn án, ó fọ̀ ọ́, ó sá a sóòrùn, ó sì lọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ológbò mọ́kànlá ló tẹ̀ lé Hulusi dé ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí.

Nígbà tí Vildan wọlé ọkọ, ó gbé blẹ́ńdà kan dání láti İzmir. Hulusi ní kí wọ́n gbé e sẹ́yìn aṣọ títa, kí wàrà má bàa rí i kó bẹ̀rù. Oṣù mẹ́ta ni blẹ́ńdà náà fi wà níbẹ̀. Nígbà tó sú Vildan, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ lu tiyín, kí n lo tèmi, kí wọ́n di yín lójú."

Wọ́n pe Bedri alágbẹ̀dẹ, aládùúgbò wọn, wá ṣe ẹlẹ́rìí. Wọ́n fi ìborùn Saniye di Hulusi lójú. Ó mu ife kìíní, ó yínmú. Ó mu ife kejì, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́, ọwọ́ tó ju àsíá fún ọgbọ̀n ọdún nìyí." Wọ́n tú u lójú. Ti blẹ́ńdà ni. Hulusi wo ẹ̀rọ náà lọ wò ó bọ̀, ó wá yíjú sí Bedri, ó ní, "Kí lẹ rò? Oṣù mẹ́ta ló ti fi dúró lẹ́yìn aṣọ yẹn tó ń wo ọwọ́ mi."

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wá mú un. Dókítà obìnrin kan ní ìlú ńlá ní kò gbọdọ̀ fi iyọ̀ kan ẹnu mọ́. Vildan ló mú un lọ, ojú rẹ̀ ló sì ṣe. Hulusi ní ṣíbí kan ńkọ́, dókítà ní rárá. Ó ní ìdajì ṣíbí, dókítà ní rárá. Ó dìde, ó jókòó padà, ó sọ fún un pé òun ní ọmọ bíi rẹ̀ nílé. Ó pẹ́ kó tó rẹ dókítà, ó ní ó dáa, èyí tí ìka méjì bá lè mú, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Hulusi dúpẹ́ dáadáa. Ó wá béèrè pé ìka ta ni. Dókítà rò pé ó ń ṣeré ni, ó ní ìka ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ kejì, láràárọ̀ ni Bedri alágbẹ̀dẹ ń wá bu iyọ̀ fún wọn, ìka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì tó èèkù àáké.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Vildan tó mọ̀. Lọ́jọ́ tó mọ̀, kò pariwo. Ó lọ bá Bedri ní àgbẹ̀dẹ rẹ̀, ó sọ ohun tí dókítà sọ fún òun nìkan, pé ọkàn bàbá náà ti ń rẹ̀. Bedri ò wá mọ́. Ó ní ẹ̀yìn ń ro òun.

Ní ọdún méjì tó tẹ̀ lé e, apá Hulusi ò gbé ìgbakọ sókè mọ́. Vildan ló ń lu ayran. Ó ń fi ewé míńtì gbígbẹ sí i kó lè ta ẹnu díẹ̀, iyọ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó gbé e fún un, ẹ̀rù bà á, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Hulusi mu ún dé ìsàlẹ̀ ife.

"Iyọ̀ rẹ̀ pé," ó ní.

Vildan gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó sáré wọ ilé ìdáná, ó sì ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa dà, kí wọ́n má bàa gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Ìparí ìgbà òtútù ni Hulusi kú, lójú oorun. Ní ọjọ́ kẹrin tí ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù gba Karaçalı kọjá, awakọ̀ rẹ̀ tó ti gbọ́ nípa ikú Hulusi fọn fèrè láti ìta ìlú títí ó fi kọjá lọ.

Nígbà tí wọ́n ṣe fìdáù ogójì ọjọ́, àgbàlá kún. Wọ́n ṣàdúà tán, wọ́n jẹun, Vildan sì pín ayran. Ibẹ̀ ni Bedri ti jẹ́wọ́ pé Hulusi sọ àṣírí ayran fún òun kó tó kú: wàrà ife kan, omi ife méjì, iyọ̀ ni kó kọ́kọ́ wọlé. Hulusi ní kí òun má sọ fún lèmọ́mù. Lèmọ́mù gbé ife sílẹ̀. Ó ní Hulusi sọ ọ́ fún òun náà, wàrà àti omi dọ́gba, iyọ̀ ló ń kẹ́yìn, ó sì ní kí òun má jẹ́ kí Bedri gbọ́. Ìyá tó ń ta ẹyin ní òpin òpópónà ní omi ife kan àbọ̀ ló sọ fún òun. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, àṣírí ti pé mẹ́sàn-án, méjì ò sì jọra. Àwọn èèyàn di ìhà mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Bedri wá yíjú sí Vildan. Ó ní tirẹ̀ ló ń dùn lẹ́nu àwọn báyìí, kí ni bàbá sọ fún un? Vildan ní kò sọ nǹkan kan fún òun. Ó ti ń dùn ún láti ìgbà tí wọ́n ti ń ka àṣírí, ó sì hàn lójú rẹ̀. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró.

Saniye ló sọ̀rọ̀. "Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mo fi bá a gbé, kò mu ayran mi rí. Tìrẹ ló mu fún ọdún méjì. Mo bi í pé ṣé kò ní kọ́ ọ ni. Ó ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé ọwọ́ rẹ ti mọ̀ ọ́n, pé tí òun bá dá sí i, òun á bà á jẹ́."

"Hulusi ló sọ bẹ́ẹ̀?" Bedri béèrè. "Hulusi tiwa yìí?"

"Òun ni."

Bedri mi orí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ńlá rẹ̀ nu ojú, ó wá na ife rẹ̀ sí Vildan. Lèmọ́mù náà na tirẹ̀, ẹlẹ́yin na tirẹ̀, Saniye ló sì kẹ́yìn wọn.