Mílíìkì Kò Fọ Àyà: Bí Mo Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Eruku Igi

Inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mowe ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kò lọ dáadáa. Èmi ni mo ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Mo fẹ́ mí kanlẹ̀ kí n lè fa orin náà dé òpin, èémí kò wọlé. Àyà mi fún pinpin, ó ń súfèé fúnra rẹ̀. Mo jókòó, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wá bàtà.

Káfíńtà ni mí, ìlẹ̀kùn igi àpá ni wọ́n mọ̀ mí mọ́. Nígbà tí mo ra sánda, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí ń fi iná mànàmáná dán igi, mo rò pé ìyà tán. Ṣùgbọ́n eruku tó ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Àwa káfíńtà sì ní oògùn tiwa: bí a bá ṣíwọ́, ká mu mílíìkì agolo kan, a ti fọ eruku kúrò láyà nìyẹn. Bí ikọ́ ṣe ń le sí i ni mo ń fi mílíìkì kún mílíìkì. Ikọ́ kò gbọ́. Ikùn ló ń yọ.

Ìyàwó mi, Ìyá Dámi, ló fà mí lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìfọ̀. Ẹ̀rù ikọ́ ife ń bà mí, n kò sọ fún un. Lórí bẹ́ǹṣì tí a jókòó sí, bí ẹnìkan bá wúkọ́, gbogbo ojú á yí sí i. Nígbà tí ikọ́ fẹ́ gbé èmi náà, mo gbé e mì títí omi fi bọ́ lójú mi.

Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, wọ́n ya fọ́tò àyà mi. Kì í ṣe ikọ́ ife. Dókítà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, bi mí pé, "Bàbá, ṣé ó máa ń dẹwọ́ tí ẹ ò bá lọ síbi iṣẹ́?"

Ìyá Dámi gbà á lẹ́nu mi. "Tá a bá lọ kí ìyá mi lábúlé, wọ́n máa ń sùn bí ọmọ tuntun ni!"

Ikọ́ fée ni, irú èyí tí eruku iṣẹ́ ń fà: ọ̀nà tí èémí ń gbà dé ẹ̀dọ̀fóró á wú, á sì há. Mo bèèrè nípa mílíìkì. Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ikùn ni mílíìkì ń lọ, bàbá. Kò dé ẹ̀dọ̀fóró rí." Ó fún mi ní ínhélà, ike kékeré tí a ń fi ẹnu fa oògùn inú rẹ̀. Ó ní bí n kò bá lè sá fún eruku, kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Gbólóhùn yẹn dùn mí ju ikọ́ lọ. Iṣẹ́ tí mo fi ń bọ́ ilé mi! Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo sì sunkún.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Dámi ti Ibafo dé, ó ní òun rí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan, oníhọ́ọ̀sì gbọọrọ, tí ń fa ìdọ̀tí ilẹ̀ sínú ike ńlá. "Bàbá Dámi, ṣé kò lè fa eruku lẹ́nu sánda kó tó balẹ̀?"

A rà á. Mo bọ́ àpò aṣọ tí eruku ń bọ́ sí nídìí sánda, ṣùgbọ́n ẹnu họ́ọ̀sì tóbi ju ojú ibẹ̀ lọ. Mo gé tíúbù kẹ̀kẹ́, mo fi so méjèèjì pọ̀, mo fi okùn dì í pinpin. Mo tan méjèèjì, jẹnẹrétọ̀ mi kò lè gbé wọn, ó kú fin-ín. Mo yá èyí tó tóbi lọ́wọ́ àbúrò mi. Igi àpá ń dán, mo wo ọwọ́ mi: irun ibẹ̀ ṣì dúdú, eruku kò bò ó! Mo pariwo pe ìyàwó mi.

N kò ní parọ́ fún yín. Mo ṣì ń fi ìbòmú bo imú, ínhélà kò kúrò lápò mi, ọyẹ́ sì máa ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi igi jẹun, bí ikọ́ bá ń pẹ́ lára yín, ẹ lọ fi ara hàn dókítà. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, bí mo bá jí tí èémí wọlé wọ́ọ́rọ́, mo máa ń dúpẹ́ kí n tó dìde.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, mo fa orin náà dé òpin. Nígbà tí a délé, Ìyá Dámi ní ohùn mi ti fẹ́ di gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì létí. Ó po tíì fún mi, ó da mílíìkì sí i.

"Ikùn lèyí ń lọ o," ló wí.