Bí A Ṣe Tú Yàrá Tútù Ká

Ọjọ́ tí Dókítà bi mí ní ìbéèrè náà gan-an ni mo ti mọ èsì rẹ̀. Dókítà ni obìnrin tó dá iléeṣẹ́ wa sílẹ̀ ní Garki. Èmi ni igbákejì rẹ̀. Iṣẹ́ wa ni pé à ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké káàkiri Àbújá, tó fi jẹ́ pé nọ́ọ̀sì tó wà ní Orozo lè tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó sì rí i pé oògùn báyìí kò bá ara ẹni tó jókòó níwájú òun mu. Inú àwọn sáfà, àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tó wà ní ọ́físì wa, ni gbogbo àkọsílẹ̀ yìí wà. Ohun tí Dókítà wá ń bi mí ni pé ṣé ká kó wọn lọ sí kíláòdù, ìyẹn ni pé ká yá àyè lórí ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn tó wà ní ọ̀nà jíjìn, ká máa gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì dé ibẹ̀, ká sì bọ́ lọ́wọ́ epo jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì tó ń kú lójoojúmọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, ká kó wọn lọ: èsì mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ́ jáde, nítorí Bàbá.

Bàbá ló ń tọ́jú àwọn sáfà náà. Ọmọ Èkìtì ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kí Dókítà tó pè é. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ to gbogbo ohun tó wà nínú yàrá sáfà, èyí tí a ń pè ní Yàrá Tútù. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ bàtà wọ ibẹ̀. Dókítà pàápàá a máa bọ́ bàtà gíga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí, nítorí Bàbá ní eruku Àbújá kò mọ ọ̀gá. Orozo tó jìnnà sí Garki ló ń gbé, síbẹ̀ òun ló máa ń kọ́kọ́ dé. Tí iná bá lọ nígbà tó ń jẹun, á ju òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á sáré dìde. Tó bá wá di Kérésìmesì, tí àwa yòókù ti di ẹrù wa, tí ìlú dá páropáro, Bàbá nìkan ló ń dúró ti ẹ̀rọ. "Ẹ máa lọ o," ló máa ń wí. "Ẹ bá mi kí wọn nílé."

Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ohun tí a ṣe.

A ṣe ìpàdé títí ó fi sú wa. A sọ̀rọ̀ lórí òfin tó dáàbò bo àṣírí aláìsàn, a sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ilé ìwòsàn yóò ṣe tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá já. Gbogbo rẹ̀ ló ní ojútùú. Àfi tó bá kan ta ni yóò sọ fún Bàbá, kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Ẹnì kan ní ká rán pásítọ̀ ìjọ Bàbá sí i. Akáùntáǹtì wa ní ìyàwó Bàbá ló yẹ ká kọ́kọ́ rí. Inú bí mi.

"Ṣé ìyàwó la fẹ́ fẹ́ ni, tí ẹ ń wá alárinà?"

"Ó dáa, ìwọ lọ sọ fún un nísinsìnyí," ni Dókítà dá mi lóhùn. Èmi náà bá wọn wo ilẹ̀.

Àṣé Bàbá náà ti ń sọ tirẹ̀ fún wa láti ọjọ́ yìí. Àgbà bíi tirẹ̀ kì í la ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀gá lójú. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́físì mi, ó ní, "Màdáámù, ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o o." Nígbà mìíràn, ó ní ooru yàrá yẹn ti ń ju agbára òun lọ. Mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo sì lọ bá Dókítà pé ó jọ pé Bàbá ń sọ pé a pa yàrá òun tì. Àánú rẹ̀ ṣe wá. A ti fẹnu kò láàárín ara wa pé a máa kó àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn kúrò, síbẹ̀ a lọ ra ẹ̀rọ amúlétutù tuntun sí yàrá tí a fẹ́ tú ká. Ẹ bi mí pé kí ló dé. Àpọ́nlé ni. A ní kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ná, tó bá ti balẹ̀ tán, a ó wá sọ fún un.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé, gbogbo wa tò síbẹ̀, a pàtẹ́wọ́. Bàbá ṣí fìlà. Ó wo ẹ̀rọ náà lára ògiri títí, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó gbàdúrà fún Dókítà, ó gbàdúrà fún èmi náà. Nígbà tí mo délé ní Wuye, mo sọ fún ọkọ mi pé mi ò tíì rí ẹni tí ẹ̀bùn dùn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Oṣù ń parí lọ, Dókítà ń béèrè bóyá mo ti sọ fún Bàbá. Mo bọ́ bàtà, mo wọ Yàrá Tútù. Ó tutù lóòótọ́, eyín mi ń gbá ara wọn. Bàbá wọ súwẹ́tà, ó jókòó sórí àga oníke. Mo kí i kú iṣẹ́, mo béèrè ìyàwó, mo béèrè ọmọ, mo béèrè ọ̀nà Orozo. Kíkí náà pọ̀ débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà o."

"Èmi náà ní ọ̀rọ̀, Màdáámù."

"Ẹ̀yin ni àgbà. Ẹ sọ tiyín ná, sà."

"Rárá o. Ẹ̀yin lọ̀gá."

A fa èyí díẹ̀. Níkẹyìn, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí súwẹ́tà nù ún.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kó nǹkan yìí lọ sí kíláòdù. I don tire."

Mo fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ìyá mi ṣì wà láyé ní Èkìtì," ló wí. "Ọdọọdún ni wọ́n ń bi mí pé Kérésìmesì wo ni mo máa wá bá wọn ṣe. Mo máa ń ní iṣẹ́ ni. Wọn ò ríran dáadáa mọ́ báyìí. Ohùn mi ni wọ́n fi ń dá mi mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó pè mí àfi Dókítà. Ṣé kí n wá lọ sọ fún un pé iṣẹ́ ẹ̀ ti sú mi? Mo sọ ọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu títí, ẹ ò gbọ́."

"Ẹ̀rọ amúlétutù ńkọ́? Ṣebí ẹ sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ yẹn!"

"Ayọ̀ kẹ̀? Kai! Nígbà tí wọ́n kàn án mọ́ ògiri, mo ní ó ti parí, ibí ni wọn ó sin mí sí."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi, sí òun, sí ara mi, sí gbogbo ìwà ọmọlúàbí wa. Òun ń ṣọ́ sáfà kó má baà dùn wá. Àwa ò kó sáfà kúrò kó má baà dun òun. Ìyá arúgbó kan sì jókòó sí Èkìtì, ó ń retí ọmọ. Mo nu ojú mi, mo ní òtútù ni.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló darí kíkó náà, díẹ̀díẹ̀, láìkánjú. Ó ní kí àwọn ilé ìwòsàn tó jìnnà ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ tiwọn lọ́wọ́, nítorí ọjọ́ tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá já. Ó ṣì wà pẹ̀lú wa. Òun ló ń rí sí ẹni tó lè wo àkọsílẹ̀ àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ wò ó, iṣẹ́ tó ṣeé ṣe láti ibikíbi. Wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù yẹn wá sí ọ́físì mi. Mi ò kì í sábà tàn án.

Kérésìmesì tó tẹ̀lé e, Bàbá lọ sílé. Èmi kù ní Garki, mò ń parí iṣẹ́ díẹ̀. Lọ́sàn-án, iná lọ. Mo ti dìde kí n tó rántí pé kò sí ohun tí mò ń dìde fún. Fóònù mi dún.

"Màdáámù, ṣé iná wà níbẹ̀?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni, sà."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"A ò ṣe nǹkan kan. Ilé ìwòsàn Orozo ṣì ń rí àkọsílẹ̀ wọn."

Mò ń gbọ́ ariwo ọmọdé àti ti adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ìyá òun fẹ́ kí mi. Ìyá gba fóònù, Èkìtì pọ́nńbélé ni wọ́n ń sọ; ọmọ Ọ̀ṣun ni mí, mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tí Bàbá gba fóònù padà, mo bi í pé kí ni wọ́n wí.

"Ẹ má dá wọn lóhùn jàre."

"Ẹ sọ fún mi, sà."

"Wọ́n ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, àwọn ń gbàdúrà kí Ọlọ́run rọ ọkàn yín, kí ẹ lè yọ̀ǹda ọmọ àwọn. Wọ́n ní Ọlọ́run ti gbọ́. Wọ́n ní ẹ ṣeun."

Mo dúró nínú ọ́físì tó ń gbóná lọ. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún ìyá nípa gbogbo ìpàdé wa, nípa àpọ́nlé, nípa ẹ̀rọ amúlétutù. Kò sí ibi tí mo lè ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú, sà."

"Wọn ò bínú," ni Bàbá wí. "Wọ́n ń béèrè bóyá ẹ ti jẹun."