Jẹ́jẹ́, Ọkọ Ọmọ Mi, àti Ètò Tó Ń Kàwé

Jẹ́jẹ́ ni ọmọ mi ń pè é, mi ò sì rí orúkọ tó tún bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé ọmọ mi wá kí mi, áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń lọ aṣọ àwọn oníbàárà ti bàjẹ́ láti àárọ̀. Èmi ń sọ̀rọ̀ lọ, ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ lọ, a ò mọ̀ pé ọ̀gbẹ́ni ti tú áyọ́ọ̀nù palẹ̀. Kí n tó gbé omi mímu dé, áyọ́ọ̀nù ti ń gbóná. Mo ní, "Ìwọ, ṣé o lẹ́nu ṣá?" Ó ní, "Mo ní, mà." Ó parí síbẹ̀. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọmọ mi yẹn ti kú. Ó ti lé ní ọdún méjì. Mi ò ní fa ìyẹn gùn, torí ìtàn tirẹ̀ kọ́ ni mo jókòó kọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo èèyàn ń retí kí Jẹ́jẹ́ di ẹrù rẹ̀ kó kúrò nílé mi. Èmi náà ń retí rẹ̀, ojú ni ò jẹ́ kí n bi í. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣe ọkàn gírí, mo ní, "Ṣé wàá máa lọ ni?" Abọ́ ló ń fọ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Síbo, Màmá?" Ó gbé abọ́ tó fọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú òmíràn. Mi ò bi í mọ́.

Àmọ́ ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lóòjọ́ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń sọ méjì. Ibì kan ṣoṣo ló kù tó ń mú kó tètè jí, kó fá irùngbọ̀n: yàrá kan ní ilé ìkàwé àwọn tí kò ríran, òpópónà kẹta sí tiwa. Níbẹ̀ ló ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà méje tó ń ka ìwé sókè fún wọn. Mo mọ̀ lọ́kàn mi pé bí wọ́n bá gba yàrá yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni yóò jókòó sí láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ohun tí wọ́n sì fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn.

Àwọn kọ̀ǹpútà náà ti gbó, gbogbo ohun tó wà nínú wọn ti wúwo jù wọ́n lọ. Ọ̀gá ilé ìkàwé jẹ́ obìnrin kan tó máa ń rìn bí ẹni tó gbé omi kaná sílé. Ó sọ fún Jẹ́jẹ́ pé bí kò bá sí èyí tó lè ka ìwé kan parí kó tó di ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù, òun á kó wọn dànù, yàrá á sì di ibi ìkó-àga-sí.

Jẹ́jẹ́ ní òun mọ ohun tí òun máa ṣe. Tó bá ti kan iṣẹ́ yìí, ẹnu rẹ̀ máa ń tú, àfi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá gbogbo nǹkan ṣe. Bó bá fẹ́ ṣí ìwé, bó bá fẹ́ gba àyè fún ẹrù rẹ̀, àkójọ iṣẹ́ kan wà nísàlẹ̀ tó ń ké sí. Láíbìrì C ni wọ́n ń pè é. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò tóbi. Òmíràn wà tó kéré, tó fúyẹ́, orí rẹ̀ ló sì ti tún àwọn kọ̀ǹpútà méjèèje tò. Wọ́n ti ń sáré. Ó wá ku ètò tó ń kàwé. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ṣe é sì kó gbogbo ohun tí wọ́n kọ síta kí ẹni tó bá wù lè tún un ṣe. Àmọ́ èyí tí wọ́n ti kọ́ parí, láíbìrì ńlá nìkan ló mọ̀. Àfi kí òun kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Bí aṣọ tí wọ́n rán mọ́ ẹlòmíràn lára."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ṣùgbọ́n wọ́n fún wa ní ìwọ̀n rẹ̀. Màá tún un gé."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi gé e. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ fi bú u ló ń kọ sínú ìwé kékeré kan. Lónìí, ẹ̀rọ ní òun ò rí fáìlì kan. Lọ́la, ó ní òun ò gbọ́ orúkọ iṣẹ́ kan rí, torí láíbìrì ńlá ní in, kékeré ò ní. Bó ti ń tún ọ̀kan ṣe ni òmíràn ń yọjú. Nígbà tó yá, ètò náà gbà. Ó la ẹnu, ó ka ojú ìwé mẹ́rin, ó sì kú. Kò tọrọ gáfárà. Ọ̀rọ̀ òyìnbó méjì péré ló kọ sójú ẹ̀rọ.

Jẹ́jẹ́ ní ọjọ́ ogbó ẹ̀rọ ni, àyè inú rẹ̀ ò tó. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹrù kúrò lára ètò náà. Ó yọ ohùn obìnrin, ó fi ti ọkùnrin sílẹ̀. Ìyá àgbà kan wà tó máa ń kọ́kọ́ dé yàrá yẹn lójoojúmọ́. Olùkọ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì, kí ojú rẹ̀ tó lọ, Tíṣà ni gbogbo èèyàn sì ń pè é. Nígbà tó gbọ́ ohùn tó kù, ó ní, "Ta lẹ gbé wá yìí? Ṣé òtútù ń mú un ni?" Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tún kú. Tíṣà ní, "Ẹ wò ó, ó ti bínú." Jẹ́jẹ́ ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, ó gbé kọ̀ǹpútà kan wálé pẹ̀lú ìwé mẹ́ta tí ẹ̀dà wọn ti wà nínú rẹ̀. Ó ní òun ní láti wà lọ́dọ̀ àwọn mẹ́fà yòókù. "Màmá, ẹ bá mi máa gbọ́ ọ. Ibi tó bá kú sí, ẹ kọ ojú ìwé rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì yìí kó lè máa bá a lọ."

Ìwé mẹ́rin ni mo kà dé nílé ẹ̀kọ́, àmọ́ mo mọ nọ́ńbà. Mo ń lọ aṣọ, ẹ̀rọ ń kàwé. Ìwé àwọn ọmọdé, ó kà á tán, kò tilẹ̀ wúkọ́. Ìwé tó sọ nípa adìyẹ sísìn, ó kú lẹ́ẹ̀kan. Ìwé òfin ilẹ̀, ó kú lójú ìwé kejì, ó kú lójú ìwé kẹta, ó kú lójú ìwé karùn-ún. Mo ní àbí òfin ò bá a lára mu ni? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dá a padà sí ti adìyẹ, ibi tó kú sí lánàá náà ló tún kú sí. Mo wá ṣí ìwé gan-an síbẹ̀ wò. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, ìlà mẹ́sàn-án, kò dúró níbì kankan. Mo ṣí ti òfin. Bákan náà ni.

Jẹ́jẹ́ dé lọ́sàn-án. Mo ní, "Ọjọ́ ogbó kọ́. Ìwé ọmọdé nípọn ju ti òfin lọ, ó sì kà á parí. Tí gbólóhùn bá ti gùn, èémí rẹ̀ á tán."

"Màmá, kọ̀ǹpútà ò ní èémí."

"Ta ló ní ó ní? Bó ṣe ń kú ni mo ń sọ fún ẹ."

"Ẹ̀rọ yẹn ti gbó ni, Màmá."

"Èmi náà ti gbó. Ṣé mo kú?"

Ó gba ìwé tí mo kọ nǹkan sí lọ́wọ́ mi. Ó jókòó pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ohun tí kì í ṣe. Ó ka àwọn nọ́ńbà mi, ó ṣí ìwé òfin, ó tún ka nọ́ńbà. Lójijì ló fọwọ́ gbá orí. "Àyè inú ẹ̀rọ kọ́! Tábìlì ni! Tábìlì òṣìṣẹ́ ni ò fẹ̀ tó!"

Ó ní òṣìṣẹ́ kan wà nínú ètò náà tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa tú gbólóhùn wò kí wọ́n tó kà á. Láíbìrì ńlá máa ń fún òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní tábìlì tó fẹ̀ bí yàrá láìjẹ́ pé ó béèrè. Láíbìrì kékeré kì í fi nǹkan ṣòfò. Tábìlì kékeré ló ń fún un, ẹni tó bá fẹ́ ńlá kó sọ. Àwọn tó kọ ètò náà ò sọ, torí kò tíì di dandan fún wọn rí.

"Tí ẹ bá ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lórí àpótí ńkọ́, Màmá?"

"Ilẹ̀ ló máa wọ́ sí."

"Ẹ̀hẹ́n!"

Ìlà kan ló kọ. Ìlà kan péré, pé kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ yẹn ní tábìlì tó fẹ̀. Ó tún ètò náà kọ́, ó dá ohùn obìnrin padà, a gbé òfin ilẹ̀ lé e. Ó kọjá ojú ìwé kejì. Ó kọjá ẹ̀kẹta. Ní ìkarùn-ún, àwa méjèèjì ò mí. Nígbà tó di ìkẹjọ, mo ní kó bá mi pa á jàre, òfin ti ń fọ́ mi lórí. Ọkùnrin yìí bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ̀yìn, débi pé mo kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ń sunkún ni.

Ó fi ìlà náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe ètò náà, kí ẹlòmíràn tó bá ń lo láíbìrì kékeré má bàa jìyà. Ó kọ ọ́ pé ìyá ìyàwó òun ló rí ibi tó ti ń kú. Wọ́n dá a lóhùn, wọ́n bi í pé irinṣẹ́ wo ni mo lò. Mo ní, "Kí lo sọ fún wọn?" Ó ní, "Áyọ́ọ̀nù ni mo kọ, Màmá."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ. Ọ̀gá dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Tíṣà ló mú ìwé: ìtàn obìnrin kan tó fẹ́ fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí gbólóhùn inú rẹ̀ kì í fẹ́ tán. Ẹ̀rọ ń kà á lọ. Jẹ́jẹ́ dì mọ́ ẹ̀yìn àga bí ẹni tó wà lórí ọkọ̀ ojú omi. Wákàtí kan kọjá. Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ó dáa, mo ti gbọ́. Yàrá di tiyín. Mo níṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ pa á."

Tíṣà yí orí padà. "Ta ló ní kí wọ́n pa á? Obìnrin yẹn ti di ẹrù, ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, a ò tíì mọ̀ bóyá ó lọ. Ọ̀gá, ẹ jókòó tàbí kí ẹ máa lọ."

Ọ̀gá wo Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ti fa àga kan sí i lẹ́sẹ̀.

Ó ní, "Ojú ìwé mọ́kànlá ló kù, mà."

Ọ̀gá fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó jókòó.